Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Láti Ìgbà Tí Ọmọ Mi Ti Ṣubú, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Gbà Láti Fo Họ́dù Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo bá wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Láti ọdún 2022, nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré họ́dù ọgọ́rùn-ún mítà, ìyẹn eré ìje tí a ti ń sáré fo àwọn igi tí a tò sójú ọ̀nà, tí kò sí obìnrin kan tí ó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí, ni ọmọ mi ti sọ pé eré tí òun náà yóò máa sá nìyẹn. Ó ń ṣe dáadáa títí di oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń yan àwọn tí yóò ṣojú ilé ìwé wọn, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ họ́dù kẹta, ó na ọwọ́ òsì gbalẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi wà nínú P.O.P. Dókítà ti tú u, wọ́n ti tún ya àwòrán eegun náà, ó sì sọ pé ó ti jinná, pé ó lè padà sórí pápá.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ó bá ti sáré dé iwájú họ́dù àkọ́kọ́, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú wéréwéré, á sì dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ni ẹkún. Ó ní òun fẹ́ fò ó, pé ẹsẹ̀ òun ni kò gbà. Kóòṣì wọn ní ojo ni, pé kí n bá a wí. Bàbá rẹ̀ ní kí ó fi eré náà sílẹ̀, kí ó gbájú mọ́ ìwé. Ìyá ọkọ mi ní ojú lásán kọ́, pé ẹnìkan ni ó tì í lẹ́yìn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ti ya fídíò ìṣubú náà, ó ti wà lórí WhatsApp gbogbo wọn. Ṣé kí n fi ipá mú un ni, àbí kí n jẹ́ kí ó fi sílẹ̀?

Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa, ẹ sì kú ewu ọmọ. Èmi náà sá eré họ́dù nígbà èwe mi, mo sì ti lo ohun tí ó lé ní ogún ọdún lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, gbólóhùn kan ni mo sì ń padà sí: ọmọ yín ní òun fẹ́ fò ó, pé ẹsẹ̀ òun ni kò gbà. Ẹ gbà á gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an ni ó ṣe sọ ọ́.

Ẹni tí ó ń sá eré họ́dù kò ní àyè láti ronú. Láti ibi tí wọ́n ti gbéra títí dé họ́dù àkọ́kọ́, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ń gbé. Láàárín họ́dù kan sí èkejì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni. Ara ni ó ń ka ìṣísẹ̀ wọ̀nyí, bí ẹni tí ó mọ iyán gún kò ti ń wo ọmọ odó kí ó tó mọ ibi tí yóò sọ ọ́ sí. Ohun tí ara ọmọ yín fi ọdún bíi mélòó kan kọ́, ìṣubú kan ṣoṣo ti fi ẹ̀kọ́ mìíràn lé e lórí, pé ibi tí igi yẹn bá wà, ìrora wà níbẹ̀. Nígbà tí ó bá wá sáré dé iwájú rẹ̀, ara á ti fa ìjánu kí ọkàn tó mọ̀. Ìjánu ni ìṣísẹ̀ wéréwéré tí ẹ ń rí yẹn. Ọmọ tí ó ń wọ bàtà rẹ̀ padà sórí pápá lójoojúmọ́ pẹ̀lú omijé lójú kì í ṣe ojo, kí kóòṣì jọ̀wọ́ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo “Fò ó!” lé e lórí. Ẹni tí ó mọ họ́dù sá kì í fò sókè. Ó ń sáré gba orí igi náà kọjá ni, láti ibi tí ó jìnnà sí i díẹ̀, tí ẹsẹ̀ iwájú á ti ní àyè láti nà. Bí ìṣísẹ̀ bá ti kúrú, ọmọ á sún mọ́ igi jù, eré á ti kú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á wá ní láti ta sókè bí ẹni tí wọ́n ta ní abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì kọ́ igi. Bí a bá fi ipá mú un fò nígbà tí ara rẹ̀ ń fa ìjánu, ìṣubú kejì ni a ń pè wá.

Bí kóòṣì bá rò pé àwọn tí kò lágbára ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ẹ sọ ti Simone Biles fún un, ọmọ Amẹ́ríkà tí àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ nínú eré jimnásíìkì pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, ó fò sókè, ó yẹ kí ó yí ara rẹ̀ ká ní ẹ̀ẹ̀mejì àti ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ ni ó yí, nítorí pé ara rẹ̀ kò mọ ibi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ mọ́. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje ẹgbẹ́ wọn ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ó padà ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà láti ṣeré lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó yọ yíyí ara kúrò nínú bí ó ṣe máa ń bọ́ sílẹ̀ láti orí igi, ó ṣe èyí tí ara rẹ̀ gbà fún un, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Ní Paris ní 2024, wúrà mẹ́ta àti fàdákà kan ni ó gbé lọ sílé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kò fi agídí bá ara rẹ̀ jà; ó sọ họ́dù tirẹ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ó lè fò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ohun tí kò sí ẹnìkan tí ó bèèrè nínú gbogbo lẹ́tà yín. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ yín ti wo iwájú tirẹ̀, họ́dù ni ó sì ń rí. Ẹ̀yin àti kóòṣì ni àgbà, ẹ̀yin ni kí ẹ wo ẹ̀yìn, kí ẹ wá ohun tí ó gbé e ṣubú.

Ẹ lọ sí pápá ilé ìwé náà, kí ẹ fi ọwọ́ ti họ́dù tí wọ́n ń lò. Họ́dù gidi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa ń yọ sí ìhà ibi tí eléré ìje ti ń bọ̀, irin kékeré kan sì wà lára ẹsẹ̀ náà tí a ń sún síwá sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí gíga rẹ̀ bá ṣe rí, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kan igi òkè, gbogbo rẹ̀ á dojú bolẹ̀ síwájú. Òfin ìdíje àgbáyé sọ pé agbára tí yóò gbé e ṣubú gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n kílò 3.6 sí kílò 4, èyí tí kò ju ìwọ̀n adìẹ ńlá méjì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ họ́dù ilé ìwé wa, wẹ́dà ni ó fi páìpù irin jó o pọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú tí ó sì yọ sẹ́yìn, kí ó má bàa máa ṣubú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ kọ́ irú èyí, igi kò ní kúrò lójú kan, ọmọ ni yóò lọ. Mo sì ti dé ibi tí họ́dù gidi wà, tí àwọn ọmọ tí wọ́n rán láti tò ó kọ ẹ̀yìn ọ̀kan síwájú láìmọ̀. Ìyẹn léwu ju ti wẹ́dà lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó máa fura sí i. Bí ẹ bá ti í tí kò ṣubú, ẹ ti rí ìdáhùn kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú téèpù tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀. Họ́dù àwọn àgbà obìnrin ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8, mítà 8.5 ni ó sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún sọ̀ kalẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 76.2. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò ní nǹkan kan tí ó ń wá lórí họ́dù tí ó ga ju èyí lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá sì tíì gùn tó láti fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta ká mítà 8.5, ó lè fi agbára eré tí ó ti bá bọ̀ fo àkọ́kọ́, kí ó na ara rẹ̀ jù láti fo èkejì, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá fi dé ẹ̀kẹta, kò ní sí nǹkan kan tí ó kù láti nà mọ́. Họ́dù kẹta ni ọmọ yín ti ṣubú. Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èmi ìbá kọ́kọ́ wò.

Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ sọ ọ́ fún un ní kedere, ẹ tún un ṣe lójú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí òun fi ṣubú, ẹ̀rù rẹ̀ ní ibi tí ó mọ sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, gbogbo họ́dù ayé ni yóò máa bà á lẹ́rù.

Èmi fúnra mi ṣubú lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ pupa nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àpá rẹ̀ ṣì wà ní orúnkún mi ọ̀tún. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ó ń kọ́ wa ní kí n fo họ́dù kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí n tó lọ sílé. Mo fò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀rù ti lọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ojú ni mo ń dì bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi dijú sá họ́dù, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni mi ò fi kán lọ́rùn.

Nítorí náà, ibi tí ẹ̀rù kò sí rárá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti ọmọ yín bí ìbejì. Mo lọ tọrọ páálí òfìfo mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá kan tí ó ń tajà níwájú ilé ìwé, mo tò wọ́n sórí koríko, mo sì sọ fún un pé kí ó má fò wọ́n o, kí ó sáré gbá wọn dànù ni. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Lẹ́ẹ̀kínní, ó dúró níwájú páálí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dúró níwájú irin. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi orúnkún kan ọ̀kan, páálí náà yí gbirigbiri lọ, òun náà sì ń sáré lọ. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ti ń rẹ́rìn-ín, páálí méjì ti ya. Kí oòrùn tó wọ̀, láìjẹ́ pé mo sọ ohunkóhun, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọ́n fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ lè kan nǹkan kí ènìyàn sì máa sáré lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó lè kọ́ ọ ní èyí.

Lẹ́yìn páálí, ẹ lo okùn rọ́bà tí àwọn ọmọbìnrin fi ń ṣeré, kí ènìyàn méjì dì í mú wẹ́rẹ́, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá kàn án. Lẹ́yìn okùn ni họ́dù gidi tí a ti sọ kalẹ̀ débi tí ó bá lè lọ, tí ó máa ń kọ́kọ́ rìn kọjá lórí rẹ̀ láì sáré. Ẹ jẹ́ kí ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, kí ó máa gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan gba orí igi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ó wá sáré sí ẹyọ kan, kí ẹ má sì fi èkejì kún un títí yóò fi fúnra rẹ̀ bèèrè fún un. Nígbà tí ẹ bá máa fi kún un, ẹ dín àlàfo àárín wọn kù, kí ìṣísẹ̀ mẹ́ta rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè gba oṣù mẹ́ta. Lójoojúmọ́, ẹ dáwọ́ dúró lórí èyí tí ó fò dáadáa, kí ó tó rẹ̀ ẹ́, nítorí èyí tí ó fò gbẹ̀yìn ni ara rẹ̀ yóò gbé sùn.

Kí kóòṣì máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó sáré: “Láti òdo dé mẹ́wàá, èló ni ẹ̀rù rẹ?” Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lè sọ pé ẹ̀rù ń ba òun níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ lè sọ pé “méje.” Bí ó bá ti kọjá márùn-ún, ẹ padà sí ìpele tí ó wà lẹ́yìn, láìsí ariwo, láìsí ìtìjú. Kí ó mí sínú, kí ó sì mí síta pẹ́ ju bí ó ti mí sínú lọ, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tó gbéra. Ẹ tún kọ́ ọ bí a ti ń ṣubú, lórí koríko tàbí fóòmù: kí ó má na ọwọ́ gbọnrangandan gbalẹ̀, torí bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń kán nìyẹn, kí ó ká ìgúnpá, kí ó fi èjìká yí. Èmi ti rí ọmọ tí ẹ̀rù rẹ̀ fò lọ ní ìlàjì kìkì nítorí pé ó ti mọ ohun tí òun yóò ṣe bí òun bá tún ṣubú.

Nípa ti ìdílé, ẹ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, níkọ̀kọ̀. Àdúrà wọn ṣe pàtàkì, ẹ má dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ ọ́ sétí ọmọ mọ́ pé ẹnìkan ni ó tì í. Họ́dù tí kò dára, a lè gbé e kúrò. Ọ̀tá tí ojú kò rí, kò sí ìgbà tí ọmọ lè sọ pé ó ti lọ. Ní ti fídíò yẹn, ẹ lọ rí olùkọ́ kíláàsì, kí ó ní kí gbogbo wọn pa á rẹ́, kí ẹ sì pa á rẹ́ kúrò nínú fóònù tiyín náà. Kóòṣì lè wò ó lẹ́ẹ̀kan láti wá ohun tí ó fà á. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ máa wo ara rẹ̀ bí ó ti ń ṣubú lójoojúmọ́, nítorí pé ìgbàkígbà tí ó bá wò ó, ara ń tún ẹ̀kọ́ burúkú náà kọ́ ni.

Ẹ wá bi mí bóyá kí ẹ fi ipá mú un tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó fi sílẹ̀. Méjèèjì ni èmi kò fọwọ́ sí lónìí. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá fi eré sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀rù pọ̀ jù, ẹ̀rù ni ó pinnu fún un, yóò sì rántí bẹ́ẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ padà débi tí ó ti lè fo họ́dù kúkúrú méjì pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀. Bí ó bá wá sọ níbẹ̀ pé eré gbọọrọ ni òun ń fẹ́ báyìí, tàbí pé òun kò fẹ́ sáré mọ́, ẹ gbà fún un pẹ̀lú ayọ̀. Gail Devers ti Amẹ́ríkà ni ó ń ṣáájú gbogbo ènìyàn nínú àṣekágbá ìdíje Òlíńpíìkì ní Barcelona ní 1992 nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ kọ́ họ́dù kẹwàá, èyí tí ó gbẹ̀yìn. Ó ṣubú gba orí ìlà kọjá, ipò karùn-ún ni ó bọ́ sí. Ní ọdún kejì, ní Stuttgart, ó gba wúrà àgbáyé nínú eré họ́dù kan náà. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín tí ó bá bèèrè bóyá àwọn ńlá náà ń ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń fi gbèsè lé e lọ́rùn.

Ohun kan ṣoṣo ni èmi yóò fi le mọ́ ọn. Bí ó bá ń lá àlá ìṣubú náà léraléra, tí kò jẹun dáadáa, tí ó ń sá fún ilé ìwé, tí ó sì ti lé ní oṣù kan tí nǹkan wọ̀nyí kò dẹwọ́, ẹ gbé e lọ rí dókítà tí ó ń tọ́jú ọkàn. Abẹ́òkúta ni ẹ wà, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Àrò kò jìnnà sí yín. Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń rò bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ ti gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ fún ẹni tí ó mọ̀ nípa eegun, ẹ gbé èyí náà lọ fún ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní Ìlọrin. Wọ́n kọ́ wa pé bí ọmọ bá ṣubú, kí ó dìde kí ó tún un fò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀rù má bàa ráyè jókòó. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ òótọ́, ọ̀gá, díẹ̀ tí ó kù yẹn ni ó sì léwu. Bí ọmọ bá fi orí gbalẹ̀, kò gbọdọ̀ sáré mọ́ ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ búra pé kò sí nǹkan kan. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ó ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí kò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tàbí tí oorun ń gbé e lọ, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá wú, ẹ má fà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn bó lásán ni, ẹ kọ́kọ́ fi omi tí ó mọ́ fọ ojú egbò náà, ẹ jókòó tì í títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ rìn lọ síbi họ́dù yẹn, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í ṣubú, kí ó sì gbé e dìde. Bí ó bá fẹ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ó rìn kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tó. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, ẹ gbé họ́dù náà kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì bá a gbé àpò rẹ̀ dé ẹnu géètì.